Àgbélébùú Evodio Larios

Evodio Larios fi súkúrùdíráfà tú kílíìpù rọ́bà rédíétọ̀, ó fa rọ́bà náà yọ, ó sì gbé e sókè síbi oòrùn kó lè rí ibi tó ti lu. Ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ìpẹ̀kun rọ́bà ló sì wà. Inú rẹ̀ dùn sí i. Nígbà tó ń ra rọ́bà yìí, ó mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tó gùn jù díẹ̀, nítorí ohun tó gùn ṣeé gé, èyí tó kúrú kò ṣeé fà. Ó fi ọ̀bẹ gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, ó ti èyí tó kù bọ ẹnu irin, ó sì fún kílíìpù pa dà. Omi ló kù. Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ti fi fọ iyanrìn kúrò lára lánàá.

Kò bínú, kò sì kánjú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ tó ti mọ ẹ̀rọ omi í tú ju òun bàbá rẹ̀ lọ, ó sì sọ pé òun ń lọ wo òkun. Láti ìgbà náà ló ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́ ní etí òkun ìpínlẹ̀ Michoacán, òun nìkan, òkun lọ́wọ́ ọ̀tún, òkè lọ́wọ́ òsì. Níbi tó bá ti gbọ́ òórùn ẹja yíyan ni yóò dúró jẹun. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú bá a ni yóò ti so àwọ̀n ìsùn rẹ̀ mọ́ igi àgbọn méjì. Ọ̀nà náà dá páropáro. Èèyàn lè wakọ̀ títí kó má pàdé ju màlúù àti igún lọ.

Nítòsí ibi tó dúró sí, lábẹ́ igi kan tó wà kí á tó dé afárá odò, àgbélébùú kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń rì mọ́ ibi tí ẹnìkan bá ti kú lójú ọ̀nà. Ìgò omi pọ̀ jaburata ní ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ọkàn tó ń rìn kiri, òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́. Evodio ṣí fìlà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní méjì,” ó wí fún òkú náà. “Màá ra òmíràn fún yín lábúlé iwájú.”

Ó da ìgò kan sínú rédíétọ̀, ó da ìkejì tẹ̀lé e. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ láti dá àwọn ìgò òfìfo náà pa dà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ sára irin funfun náà.

EVODIO LARIOS. ODÒ LÓ GBÉ E LỌ. KÍ Ó SINMI.

Ó tún un kà. Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé orúkọ a máa jọra, pé Larios kún ilẹ̀ yìí bí erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lára orúkọ, ó ti dé ara irin. Bọ́ńpà ọkọ̀ ni wọ́n gé láti fi ṣe àgbélébùú náà, bọ́ńpà náà sì ti ṣẹ́ rí, kí ẹnìkan tó jó o pọ̀. Ibi tí iná ti jó o ní ìrù kékeré kan tó yí sókè bí ìrù alángbá. Evodio nìkan ló ń parí irin jíjó báyẹn. Ọ̀gá kankan kò kọ́ ọ, òun ló kọ́ ara rẹ̀. Orúkọ lè jọ orúkọ. Ìrù yìí kò lè jọ ti ẹlòmíràn.

Ó jókòó wọ̀ọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ìgò omi tí wọ́n gbé fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti gba ọ̀nà yìí rí, ó sì ti lé lógún ọdún. Kò sí afárá nígbà náà. Òjò ń rọ̀, ó wakọ̀ wọ odò níbi tí gbogbo ayé ń gbà, odò sì gbé òun tọkọ̀tọkọ̀. Ojú fèrèsé ló gbà jáde. Omi gbé e lọ jìnnà kó tó sọ ọ́ sí bèbè kejì, ọkọ̀ agbégi kan rí i níbẹ̀, ó sì gbé e gba orí òkè lọ sílé. Ó gbà pé ọkọ̀ òun ti di ti òkun, kò sì ronú kan ibẹ̀ mọ́. Ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: Evodio Larios, A Ń Tún Ẹ̀rọ Omi Ṣe. Wọn kò kọ orúkọ ìlú.

Tírélà kan dúró. Awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin olóhùn gbàgàdà tó ń jẹ́ Abundio, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi kan lọ́wọ́, ó bi í bóyá òun náà wá kí Evodio ni. Evodio ní bẹ́ẹ̀ ni.

Abundio ní òun kì í kọjá láìbun olóògbé lómi. Ó ní bíréèkì já mọ́ òun lọ́wọ́ rí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn, òun pe orúkọ ọkùnrin yìí, tírélà sì dúró nígbà tí imú rẹ̀ kan igi.

“Òkú yìí dára, bàbá. Kì í béèrè àbẹ́là, kì í béèrè owó. Omi lásán.”

Evodio bi í pé irú èèyàn wo ni.

“Ọkùnrin gíga ni. Aláyà gbòòrò. Wọ́n ní ó rẹwà gan-an.”

Evodio, tí orí rẹ̀ kò ga ju díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ, bi í pé ta ló rí i.

“Ta ni yóò rí i, bàbá? Ó ti kú.”

Lẹ́yìn náà ni Abundio rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ẹni tó yẹ kí èèyàn káàánú ni Màmá Nicanora, ìyá tó ń ta oúnjẹ nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Òun ló ń kun àgbélébùú yìí kí òjò ọdọọdún tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló juwọ́ sí ọkùnrin náà pé kó máa kọjá, omi kò pọ̀. Kò sì lọ wo omi kó tó juwọ́. Níbí, ojú a máa ti èèyàn láti sọ fún arìnrìn-àjò pé òun ò mọ̀. Ní báyìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ọmọ rẹ̀ nílùú Uruapan ti bá a wá dókítà tó lè yọ ohun tó bo ojú náà, wọ́n ti tún yàrá ṣe dè é, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó rán ọmọ ọlọ́mọ sínú ikú kò lè fi í sílẹ̀ ní òun nìkan lójú títì.

“Ojú rẹ̀ á fọ́ síbí,” ni Abundio wí, “nítorí òkú tí kò mọ̀ rí.”

Ìgbà tí tírélà náà lọ tán, ọkàn Evodio fúyẹ́ díẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni yóò tú ìyá náà sílẹ̀, òun nìkan ló sì ní gbólóhùn náà lẹ́nu. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nídìí igi, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sísàlẹ̀.

Abẹ́ òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ ni Màmá Nicanora ń dáná. Ó gbé ẹja àti tortilla, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, síwájú Evodio, ó fọwọ́ wá etí tábìlì kó tó gbé àwo kalẹ̀. Evodio kò mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ìyá,” ó wí níkẹyìn, “ọkùnrin ìdí igi yẹn, kò kú o.”

Ìyá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Bí ẹ bá wà lára àwọn tó ń pín ìwé ìjọ kiri, ẹ jẹ ẹja yín kí ẹ máa lọ. A ti ní tiwa.”

“Èmi ni Evodio Larios.”

Ó wá sọ fún un ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀: pé ọkọ̀ òun kò dúró rárá, pé òun yọrí lójú fèrèsé bó ṣe ń rọra yí lọ, pé ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi abọ́ ìfọṣọ aláwọ̀ ìyeyè borí nítorí òjò, ó sì fi ọwọ́ kejì juwọ́. Màmá Nicanora súnmọ́ ọn. Ó fi ìka rẹ̀ tó kún fún ìyẹ̀fun àgbàdo wá ojú rẹ̀ wò, imú, eyín, àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló gbá a létí.

“Ìyẹn ni ti gbogbo omi tí mo pọn fún ọ.”

Ọwọ́ kan náà ló fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà mú nígbà tó bú sẹ́kún. Evodio jẹ́ kó sunkún, òun náà sì ń nu ojú. Inú rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìyá náà jókòó, ó nu imú, ojú rẹ̀ sì yí pa dà.

“Ta wá ni a sin?”

Evodio kò lóye rẹ̀. Ìyá náà ní nígbà tí odò fà, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan nínú igbó ẹnu òkun, ojú rẹ̀ kò ṣeé mọ̀ mọ́. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ wà lára ilẹ̀kùn, òkú sì wà. Wọ́n pe àlùfáà, wọ́n sin ín sí ibojì orí òkè. Àgbélébùú lójú ọ̀nà, sàréè lórí òkè, Evodio Larios ló wà lára méjèèjì.

Evodio ní bóyá ẹnìkan tí odò gbé láti òkè odò wá ni. Ìyá náà mi orí. Wọ́n béèrè lókè. Ẹnikẹ́ni kò sọnù níbẹ̀.

“Ìwọ nìkan ni mo rí,” ó wí. “Ìwọ àti ẹrù rẹ lẹ́yìn, èyí tí o fi tàpólì bò.”

“Mi ò kó ẹrù kankan lọ́jọ́ yẹn.”

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó wá ń rántí, ó sì ń sọ ọ́ jáde fún ìyá náà. Ó ti gbé ẹ̀rọ omi tó tún ṣe fún ẹni tó ni ín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òfìfo ni ẹ̀yìn ọkọ̀. Nítorí pé ó ṣófo ló ṣe gbé ọkùnrin kan, oníyọ̀ kan tó dúró sínú òjò létí ibi tí wọ́n ti ń sá iyọ̀. Ó ní kó gun ẹ̀yìn, ó ju tàpólì sí i kó fi bora. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, bó bá dé ibi tó ń lọ, a kan orí ọkọ̀, awakọ̀ a dúró, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, Evodio gbọ́ ìró náà. Ó tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ó fún un ní àyè tó tó láti bẹ́ sílẹ̀, ó sì ń lọ. Nínú irú òjò bẹ́ẹ̀, ta ní í dúró dúpẹ́? Lẹ́yìn náà ó tún gbọ́ gbà, gbà, gbà. Ó rò pé páìpù èéfín ló tú nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á wò ó bí òun bá sọdá tán.

“Èmi náà gbọ́ ọ,” ni Màmá Nicanora wí. “Gbà, gbà, gbà, a dákẹ́ díẹ̀. Gbà, gbà, gbà. Títí o fi wọnú omi. Mo sọ fún àlùfáà pé ikú ni mo gbọ́ tó ń kanlẹ̀kùn.”

Evodio mọ bí páìpù tó tú ṣe ń dún. Ibi tí ọ̀nà bá ti gbún ló ti ń dún. Kì í kan ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sinmi, kó tún kan ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ kankan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹja tutù sínú àwo. Nígbà tó pẹ́, ìyá náà dìde, ó gbé ọ̀dà funfun, ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì jáde láti abẹ́ bẹ́ńṣì. Àwọn méjèèjì gun òkè lọ sídìí igi náà. Evodio fi ọ̀bẹ ha orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀dà ọdọọdún ló wà níbẹ̀, ìpele lórí ìpele, ó pẹ́ kó tó kan irin. Lẹ́yìn náà ló kun ojú ibẹ̀ ní funfun, wọ́n sì dúró kó gbẹ.

“Ṣé ọkùnrin náà lè sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?” ni ìyá náà béèrè.

Evodio kì í dáhùn ohun tí kò tíì wọ̀n. Ó wo orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ, níbi tí ọkọ̀ ti rọra ń yí bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ti rẹ̀, tí arúgbó pàápàá lè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó wá gun ẹ̀yìn ọkọ̀ ara rẹ̀ tó wà nítòsí, ó dúró, ó gbọ́wọ́ lé orí ọkọ̀, ó sì wo iwájú. Láti ibẹ̀, odò hàn kedere látòkè délẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wáípà òun kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ kò rí nǹkan kan.

“Ó lè sọ̀ kalẹ̀, ìyá,” ó wí látòkè. “Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó rí omi, ó dúró, ó ń kàn fún mi.”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin náà. Kò gbé e kúrò fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró. Ìyá náà bi í pé kí ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó ní òun kò béèrè.

“Ohun tí a mọ̀ nìkan ni kí o kọ.”

Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, èyí tó kẹ́yìn sì wọ́ díẹ̀: ẸNI TÓ KAN ORÍ ỌKỌ̀. Màmá Nicanora sún ojú mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, ó sì kà á tán. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń sá iyọ̀ kò jìnnà sẹ́yìn. Ẹnìkan á ṣì wà níbẹ̀ tó se oúnjẹ de ọkùnrin kan tí kò dé. Ó ní bí àwọn bá ti ibẹ̀ kúrò, bí Evodio bá ń gba ọ̀nà òkè, bọ́ọ̀sì Uruapan a máa dúró ní oríta, yóò sì gbé òun dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ òun.

Ó lọ ti ilé oúnjẹ, ó kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó we gèlè. Nígbà tó pa dà dé, ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí gbogbo ará ibẹ̀ ti máa ń ṣe, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan lé táyà láti gun ún.

Evodio gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kejì.

“Iwájú, ìyá,” ó wí. “Iwájú ni kí ẹ jókòó.”