Abẹ́ Omi Tàbí Orí Omi

Bàtà ni wọ́n ń wá tí ojú wọn fi ṣe mẹ́rin.

Ìsìn Ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan nítòsí Abbey, ní Barking, nílùú London. Ẹ kúkú mọ̀ pé aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọ ilé Olúwa. Gbogbo bàtà tí èrò bọ́ sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ti dà rú bí ọjà tí òjò tú ká. Àwọn ènìyàn ń ti ara wọn, àwọn ìyá ń pariwo pé, "Ta ló wọ bàtà mi lọ o?" Ọmọ́bọ́láńlé bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí ọkùnrin kan lódìkejì òkìtì bàtà náà, sùtánà funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ń wò ó. Òun náà ń wò ó. Ariwo pa lọ́lọ́ létí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ri orí bọ omi.

"Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èkejì. Mi ò lè fi ẹsẹ̀ kan padà sí Antwerp."

"Ẹ máa fò lákáláká lọ," ni Bọ́láńlé wí, ẹ̀rín sì pa àwọn méjèèjì.

Máyọ̀kún ni orúkọ rẹ̀. Nílẹ̀ Belgium ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mọ́níkẹ́. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wá lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Dádì Olúwaṣẹ́gun, ní Rippleside. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n rìn nínú òjò ní Ripple Road, wọ́n jẹ dòdò gbígbóná nínú ike, wọ́n jókòó síbi àwókù ilé ìsìn àtijọ́ títí òtútù fi lé wọn dìde. Lọ́jọ́ tí Máyọ̀kún yóò padà, ó bi í léèrè bóyá yóò fẹ́ òun. Bọ́láńlé la ẹnu, Máyọ̀kún fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Má fi ẹnu sọ ọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fúnra rẹ gbé e wá bá mi. Ọ̀rọ̀ fóònù, afẹ́fẹ́ ni. Ìwé ni mo lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí."

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ọkàn Máyọ̀kún bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ọkàn tí olólùfẹ́ fi ń rò o, ọkàn ẹran ara gan-an ni. Àwọn dókítà ní àwọn máa là á láàárọ̀ kùtù Ọjọ́ Ajé. "Wá kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ," ni Máyọ̀kún wí lórí fóònù. "Mú lẹ́tà mi dání."

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Dagenham Village ni Bọ́láńlé ti ń ṣiṣẹ́. Lákòókò oúnjẹ, Haneef tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá a wo ọ̀nà lórí fóònù.

"Tíréènì ni jàre. Wákàtí méjì péré, o ti dé Brussels. O wọ òmíràn, Antwerp nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Wọ bọ́ọ̀sì dé Dover, tò, wọ ọkọ̀, máa bì, tún wọ bọ́ọ̀sì. Kí o tó dé, ọ̀gbẹ́ni á ti hu ewú."

"Haneef, ẹnu ẹ ò dáa."

"Ẹnu mi ò dáa, ìṣirò mi dáa. Tíréènì, Ọjọ́ Ẹtì. Ó parí, innit."

Bọ́láńlé gbà. Ṣùgbọ́n Màmá rẹ̀ ní kó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí òun kọ́kọ́ gbé ìrìnàjò náà síwájú Ọlọ́run níbi ìsìn Ọjọ́rú. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti gbé Ìyá Fèyí, wòlíì obìnrin. Ó yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ní, "Mo rí ọmọ yín lábẹ́ omi. Omi náà dúdú. Kò rí ọ̀nà àbájáde."

Màmá dé ilé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn.

"Bọ́láńlé, báwo ni tíréènì yẹn ṣe ń kọjá òkun?"

"Wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ẹ̀ ni, Màmá."

"Abẹ́ kí ni?" Màmá jókòó gbì. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí!"

"Màmá, ojoojúmọ́ lèèyàn ń gbabẹ̀..."

"Ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ríran sí wọn? Tóo bá máa lọ, gba orí omi. Ẹni tó wà lórí omi ṣì ń rí ojú ọ̀run tó máa ké pè. Ìyá Fèyí ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ká fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé la máa parí. O lè lọ ní Sunday."

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa là á, Màmá!"

"Ṣé Sunday kì í ṣáájú Ajé ni?"

Ẹ má bú Bọ́láńlé. Nínú ìtàn ìfẹ́, ọmọbìnrin a gbé báàgì, a gba ojú fèrèsé jáde. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jáde nílé nígbà tí ìyá tó bí i ká ọwọ́ àdúrà mọ́ra, tó ń sunkún? Tíréènì Ọjọ́ Ẹtì lọ láìsí i. Ebi ààwẹ̀ ń pa á lọ́jọ́ Sátidé tó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, tó kọ ojú ìwé mẹ́rin. "Mo gbà" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, ní Dover, afẹ́fẹ́ ń jà bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Wọ́n ti èbúté. Ọkọ̀ kankan ò lọ, ìkankan ò bọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́rin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní ẹ má bínú, London làwọn ń padà sí. Ó ti pẹ́ jù fún tíréènì báyìí. Bọ́láńlé pe Máyọ̀kún.

"Ibo lo dé?" Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Dover. Ọkọ̀ ò lọ. Máyọ̀kún, jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Ìdáhùn mi..."

"Rárá o!" Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ṣé o fẹ́ bà á jẹ́ ni? Jẹ́ kó jẹ́ ohun tí n óò jí wá kà. Ẹni tó ń retí lẹ́tà kì í kú."

"Jọ̀ọ́..."

"Nọ́ọ̀sì fẹ́ gba fóònù. Ó dàárọ̀, ìyàwó mi."

"Mo gbà," ni Bọ́láńlé wí, ṣùgbọ́n ìlà ti gé.

Lọ́jọ́ Ajé, Dádì Olúwaṣẹ́gun ní oògùn oorun ni wọ́n fún Máyọ̀kún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò. Lọ́jọ́rú, fóònù ilé ìwòsàn ni kò dáa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń pa irọ́ bẹ́ẹ̀ fún Bọ́láńlé. Lọ́jọ́ kẹwàá, Dádì wá sílé wọn pẹ̀lú àgbà ìjọ méjì. Wọ́n ní kí Bọ́láńlé jókòó. Màmá ti lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ti di èjìká rẹ̀ mú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ta ní í kó àgbà méjì lẹ́yìn wá sọ pé ẹnì kan ń sùn? Máyọ̀kún kò jí lórí tábìlì tí wọ́n ti là á. Wọ́n ti sin ín.

"Mo rò pé mò ń gbà ẹ́ là ni," ni Màmá wí lọ́jọ́ kan, ó kọjú sí ògiri ilé ìdáná. Oúnjẹ tutù láàárín wọn. Níbi iṣẹ́, Haneef kò dápàárá mọ́. Ó kàn ń bá a gbé àwọn arúgbó tó bá wúwo.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún tuntun, Mọ́níkẹ́ wá kí Dádì Olúwaṣẹ́gun, ó sì ránṣẹ́ pe Bọ́láńlé. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ojú Máyọ̀kún ló wà lójú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ ni Bọ́láńlé wò nígbà tó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ma."

"Dìde. Mi ò wá dá ẹ lẹ́bi." Mọ́níkẹ́ fà á dìde. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o ò wọ tíréènì?"

Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? "Ẹ̀rù omi ń ba ìyá mi."

Mọ́níkẹ́ mi orí, bí ẹni tí òun náà ní ìyá nílé. "Màmá wa ò sùn mọ́. Títí tí wọ́n fi ti Máyọ̀kún wọlé ló ń sọ pé lẹ́tà òun ń bọ̀ lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń bi wá láàárọ̀ àti lálẹ́: ọmọ London yẹn, ṣé ó gba ọmọ òun àbí kò gbà á? Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan fẹ́ ẹ kó tó lọ. Tíréènì aago mẹ́ta ni mo máa bá padà. Kí ni kí n sọ fún un?"

Bọ́láńlé ṣí báàgì rẹ̀. Láti Dover ni kò ti yọ ìwé náà jáde, etí rẹ̀ ti ká kò. Ó dì í mú pẹ́. Mọ́níkẹ́ ò kánjú, ó kàn la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

Bọ́láńlé fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.