Ohun Tí Marlys Mọ̀ Nípa Ojú Bàbá Rẹ̀

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i," Ànti Verna wí. "Ibi tí o ti sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn."

Arlen gbé ìwé náà sókè. Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti máa ń jẹun lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn mẹ́ta péré. Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n máa sin bàbá rẹ̀, Ansgar Tveit, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ohun tó fẹ́ sọ nípa bàbá náà níwájú ìjọ ló ń kà fún wọn.

"'Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, kò sì sí ọmọ kan tó fara pa lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ń gbé àwọn opó lọ sí ilé ìwòsàn ní Fargo láti lọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wa ọkọ̀ títí di ọjọ́ tó kú.'"

Ànti Verna nu ojú rẹ̀. Àbúrò olóògbé ni. "Ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn," ó wí.

"Yọ ìlà tó kẹ́yìn yẹn kúrò," Marlys wí. Òun ni àkọ́bí, ọdún kan ló fi ju Arlen lọ. Ó dúró nídìí tábìlì, ó ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sáàárín búrẹ́dì fún ọ̀la.

"Kí ló ṣe ìlà náà?"

"Ọjọ́ tó kú, ó pa èèyàn."

Kò sẹ́ni tó tíì la ọ̀rọ̀ náà báyẹn nínú ẹbí láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ Ansgar kúrò ní ọwọ́ tirẹ̀ lójú títì, ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀, ó sì kọlu ọkọ̀ kékeré tí Corinne Brekke ń wà lọ síbi iṣẹ́. Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, àwọn méjèèjì ti kú. Àná ni wọ́n sin Corinne, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà. Ìkòkò kọfí tí wọ́n lò fún un ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tíì fọ̀ ọ́.

"Oòrùn ló gbà á lójú," Ànti Verna wí.

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, Ànti. Ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà."

"Fóònù ni obìnrin yẹn ń tẹ̀," Arlen wí. "Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Ta ló rí i?"

"Wọ́n bá fóònù nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Bí ọkọ̀ bá kọlu ìwọ náà, ibo ni wọ́n á ti bá tìrẹ? Lọ́rùn rẹ?"

"Ẹ̀yìn ta ni ìwọ tiẹ̀ wà?"

Marlys mú búrẹ́dì mìíràn. Ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ fóònù. Arlen fúnra rẹ̀ ni, lọ́jọ́ Àìkú, nílé epo tí àwọn ọkùnrin ti máa ń mu kọfí. "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ fóònù ló ń tẹ̀," ló wí nígbà náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ náà ti yí ìlú ká padà wá bá a, "àfàìmọ̀" ti já sọ́nà, òun náà sì gbà á gbọ́.

Àwọn nǹkan yòókù tí Arlen kọ, òótọ́ ni. Ọdún tí Marlys pé mẹ́wàá, yìnyín sé bọ́ọ̀sì náà mọ́ ojú ọ̀nà fún wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú ọmọ mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀. Bàbá bọ́ ẹ̀wù òtútù àti bàtà rẹ̀ fún àwọn tó kéré jù, ó sì ń mú kí wọ́n máa fò sókè kí wọ́n má bàa sùn. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló délé. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tí òtútù pa ni dókítà gé. Bó bá ṣe pé èèyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má ṣòro tó báyìí.

"Kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe fóònù," Marlys wí. "Bàbá ò ríran."

Ó sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Dókítà ojú ti sọ, Marlys sì wà níbẹ̀, pé àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ti kú, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló fi ń ríran. Bó bá wo èèyàn, irun àti èjìká ló ń rí. Oṣù kẹrin ọdún yìí sì ni láísẹ́ńsì ìwakọ̀ rẹ̀ fẹ́ parí. Bàbá ní bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ òun, kí wọ́n kúkú gbẹ́ sàréè òun. Máìlì mẹ́rìnlá ni oko rẹ̀ sí ìlú, kò sí takisí, kò sí bọ́ọ̀sì. Marlys ni ì bá máa gbé e kiri, òun náà sì ń se oúnjẹ nílé ìwé láti òwúrọ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì bí ẹni tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù, ó da àwọn lẹ́tà ara ògiri tí wọ́n fi ń dán ojú awakọ̀ wò kọ, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì náà, Bàbá kà á geere. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Bàbá sì ra áísìkirímù fún un.

Arlen ti ká ìwé rẹ̀. "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti òun."

"Òun ti kú. A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Marlys," Ànti Verna wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "òkú ò lè gbèjà ara rẹ̀."

"Corinne náà ti kú, Ànti."

"Wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé o," Arlen wí. "Gbogbo ohun tí Bàbá ṣe láyé yìí, ìyẹn nìkan ni wọ́n á máa rántí."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ó kéré tán, dúró ká sin ín ná."

Marlys ronú sí i. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá sin ín tán, àwọn èèyàn á ti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti sọ oore rẹ̀, òun náà á ti sunkún, ẹnu òun ò sì ní lè ṣí mọ́ láéláé. Ó bọ́ ápúróònù, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì kọrí sílé àwọn Brekke.

Ọkọ Corinne, Lowell Brekke, ló ṣílẹ̀kùn. Kò tíì pé ogójì ọdún. Àwo oúnjẹ táwọn aládùúgbò gbé wá ti kún ẹnu ọ̀nà, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣí.

"Ẹ ṣé, mà," ó wí. "Ẹ bá mi gbé e síbẹ̀ yẹn."

"Oúnjẹ kọ́ ni mo gbé wá. Ọmọ Ansgar Tveit ni mí."

Ó sọ ọ́ fún un lórí ìdúró, láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú dé orí lẹ́tà ara ògiri. Kò sunkún, torí ó mọ̀ pé bí òun bá sunkún, ọkùnrin náà á ní láti máa bẹ òun. Lowell di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà," ó wí. "Pé kó ra mílíìkì bọ̀. Nígbà tí wọ́n ní fóònù ni, mo ní èmi ni mo pa á."

"Èmi àti bàbá mi ni."

"Àwọn ọmọ kíláàsì Tessa, ọmọbìnrin wa, wá síbi ìsìnkú lánàá. Ọ̀kan sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ló pa bàbá arúgbó tó ń wa bọ́ọ̀sì. Láti àná ló ti ń bi mí bóyá òótọ́ ni." Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Ẹ wọlé, ẹ sọ fún un."

Marlys ò múra fún ìyẹn. Ohun tó rò ni pé òun á sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin náà á bú òun, òun á sì máa lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́sàn-án."

Ó nu bàtà rẹ̀, ó sì wọlé. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀wù ìsìnkú àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lowell pa tẹlifíṣọ̀n. Marlys ò jókòó sórí àga, ó rọra kúnlẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé.

"Tessa," ó wí, "ìyá rẹ wà ní ọwọ́ tirẹ̀ lójú títì. Bàbá mi ló wá bá a níbẹ̀. Kò ríran, mo sì mọ̀."