Aláǹtakùn Tí Kò Tíì Lórúkọ

Awọ tí aláǹtakùn náà bọ́ rọ̀ mọ́ ìdérí ike bí ẹ̀wù ọmọdé tí wọ́n sá, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé síbẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ti bọ́ jáde. Fàòsíyà gbé ike náà sún mọ́ fèrèsé ilé ìdáná. Ní ìsàlẹ̀, aláǹtakùn yí gbogbo ara padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì wò ó.

"Àlejò," ó ní, "o ti dàgbà."

Ẹ má bi mí pé kí ni abilékọ ń fi aláǹtakùn ṣe nínú ilé ìdáná. Àwọn ará Fìdítì ti bi í títí ó fi sú wọn. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì, ó sì ti ń lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn láti ọdún mẹ́ta, níbi tó ti ń kọ́ nípa àwọn aláǹtakùn tí ń fò nínú oko ọsàn. Irú èyí tó wà nínú ike ló pọ̀ jù nínú oko Yúnúsà, ọkọ rẹ̀. Mọ́kànlélógójì ló ti kó níbẹ̀, ọmọdé sì ni gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀, aláǹtakùn tí kò tíì dàgbà kò ṣeé sọ lórúkọ. Ojú mẹ́jọ ni gbogbo wọn ní, mẹ́rin níwájú, méjì àárín tóbi ju ìyókù lọ. Àwọ̀ ara wọn sì máa ń tanni jẹ. Ìgbà tí akọ bá bọ́ awọ ìkẹyìn ni ọwọ́ kékeré méjì ẹ̀bá ẹnu rẹ̀ máa ń wú bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́, tí ìkọ́ kan á sì yọ lára rẹ̀. Bí ìkọ́ yẹn ṣe tẹ̀ àti ibi tó kọjú sí, ibẹ̀ ni orúkọ wà. Ti abo, abẹ́ ikùn ni. Ọ̀mọ̀wé Hannah, olùkọ́ rẹ̀, máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ti aláǹtakùn, abẹ́ là ń wò." Kò sì sí bí a ṣe lè wò ó dáadáa láìkọ́kọ́ rì í sínú sípírítì kó kú.

Oṣù mẹ́ta ni Fàòsíyà fi ń fún èyí ní kantíkantí orí ọsàn jíjẹrà, tó ń dúró dè é kó dàgbà. Ó ti dàgbà báyìí; orúkọ tirẹ̀ ni yóò sì jẹ́ ti àwọn ìyókù. Àná ni Ọ̀mọ̀wé Hannah pè é pé kí ó gbé ọ̀kan tó ti dàgbà dé Ìbàdàn kí agogo mẹ́rin òní tó lù; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kọ "kò lórúkọ" síwájú mọ́kànlélógójì náà, kí iṣẹ́ náà sì dúró di ọdún tó ń bọ̀. Fàòsíyà kò lè kọ "kò lórúkọ." Ó ti gbé bírò lé ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ó bí ọmọkùnrin kan. Ọjọ́ mẹ́fà lọmọ náà lò. Ó ku ọjọ́ méjì kí àwọn àfáà wá sọ ọ́ lórúkọ, nítorí náà Àlejò ni gbogbo ilé ń pè é títí ó fi lọ. Àwọn àgbà gbé e lọ sí ilé bàbá Yúnúsà ní Ìlọrà láti sin ín, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá tàbí bàbá tẹ̀lé wọn, torí a kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Omi ló dànù, agbè ò fọ́, ni gbogbo ẹni tó wá kí i ń wí. Wọ́n wí i títí tó fi ń ṣe Fàòsíyà bíi pé kó fọ́ agbè náà fúnra rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n jọ bímọ lóṣù kan náà ti di Ìyá Fatihah àti Ìyá Joel. Òun ṣì ni Tíṣà ní Fìdítì, Ìyàwó ní Ìlọrà. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó máa ń gbọ́ òsúkè ọmọ ọwọ́ láti igun yàrá tí wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí. Á dìde jókòó, á yanu, kò sì ní mọ ohun tí òun ì bá fi pè é kó lè dákẹ́.

Ó mú awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi, ó tẹjú mọ́ aláǹtakùn náà. Nínú ojú ńlá méjèèjì, nǹkan dúdú kan sún lọ, ó sún padà, bí ẹni tó kọjá lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó mọ ohun tó ń fà á. Ó ti kà á pé ojú náà kò lè yí, inú rẹ̀ ló ń yí. Ìmọ̀ yẹn kò ràn án lọ́wọ́. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń wò ó nígbà tó bá ń mu ọyàn nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn kanrí, ó bu sípírítì sínú ìgò kékeré, ó sì ṣí ìdérí ike. Aláǹtakùn fò, kò sì rí i mọ́. Ó ń wá a kiri orí tábìlì nígbà tí Yúnúsà ti oko dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Rọra, Ìyá Zàíd," ó ní. "Ó wà ní èjìká rẹ."

Fàòsíyà dúró. Kì í ṣe nítorí aláǹtakùn. Kò sí ọmọ kankan ní àdúgbò tó ń jẹ́ Zàíd. Ó rántí pé ọdún méjì ni ọkọ òun ti ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà ní gbogbo Jímọ̀, tí yóò sì ní òun lọ kí àwọn àgbà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ sì wà.

"Ọmọ ọdún mélòó ni Zàíd?" ó bi í.

Yúnúsà sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Ì bá ti pé ọdún méjì."

"Ta ni ìyá rẹ̀?"

"Ìwọ ni."

Fàòsíyà gbé ìdérí ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

"Àwọn àgbà ní kí n jókòó sílé," Yúnúsà ní. "Mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, mo fara pamọ́ sídìí igi kaṣú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ síbi sàréè náà, mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ẹ̀rù bà mí pé wàá máa pè é."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Gbogbo Jímọ̀."

Inú bí Fàòsíyà débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ọdún méjì ni ọkùnrin yìí fi ní ẹni tó ń pè, tí òun ń jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ẹnu òfìfo. Ká ní obìnrin ló wà ní Ìlọrà ni, òun ì bá mọ bí a ṣe ń bá a jà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde," ó ní.

Yúnúsà kọ́kọ́ fi ife bo aláǹtakùn náà lórí èjìká rẹ̀, ó dá a padà sínú ike, ó sì jáde.

Aláǹtakùn yí padà, ó wò ó. Fàòsíyà náà wò ó. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní. Ó dúró de ọ̀rọ̀ tó ti ń rí nínú ojú yẹn fún oṣù mẹ́ta, kò sì rí i. Kantíkantí ni aláǹtakùn náà ń wá. Fàòsíyà dà á sínú sípírítì. Ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ká mọ́ àyà rẹ̀, ó sì rọra rì. Ó dé ìgò náà, ó kọ ọjọ́ àti ìlú sára rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì tó fẹ́ gbé lọ sí Ìbàdàn.

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Zàíd," ó pè, jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń pe ọmọ tó ń sùn. Ó dúró. Ó tún pè é, ó gbé ohùn sókè díẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó sì mọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé ọmọ òun ti kú.