Ẹsẹ Kùránì Tó Ń Lé Àlejò

"Ọlọ́run ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi! Tí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ túká!"

Télọ̀ na ìka sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó sùn gbalaja sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Àlejò tó ní òun ò ní pẹ́ ti di onílé. Ó ń hanrun débi pé ìṣó ń jábọ́ lára òrùlé, òkìtì aṣọ oníbàárà tí télọ̀ ò ríbi gé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òṣùpá.

Ìyàwó rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ilé Ànábì ni ẹsẹ yẹn ń sọ. Ṣé ẹ̀yin ni Ànábì ni? Ẹ lọ bi Áàfáà. Tí wọ́n bá ní ó kan ilé wa, mi ò ní jiyàn."

Ni télọ̀ bá fi eré gé e, ó di ilé Áàfáà.

Áàfáà ń jẹun lọ́wọ́. Ó bù fún un, télọ̀ jẹ, ó nu ẹnu, ó ro ẹjọ́.

"Àwọn onímọ̀ á kọ́kọ́ wo ohun tó mú kí ẹsẹ sọ̀kalẹ̀," Áàfáà ní. "Àwọn kan jẹun ìgbéyàwó nílé Ànábì, wọ́n wá jókòó pa."

"Á jẹ́ pé tìgbà yẹn nìkan nìyẹn," télọ̀ ní.

"Rárá o. Wọ́n á tún wo bí ọ̀rọ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹsẹ yìí kan náà ní kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ìyàwó Ànábì lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn, tiẹ̀ nìkan ni. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó kọ́ àlejò, títí ayé ni."

"Ó kan ilé mi nìyẹn!"

"Àlejò ló kàn, kì í ṣe onílé. Ojú ń ti Ànábì fúnra rẹ̀ láti lé wọn, Ọlọ́run ló bá a sọ ọ́."

Orí télọ̀ lọ́ bí òwú tí ológbò fi ṣeré. "Ṣé kí n lé e ni, àbí kí ojú máa tì mí?"

Áàfáà yán, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó géètì ọba. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo télọ̀. Ìgbà yẹn ni télọ̀ rántí pé òun náà ti jẹun tán tipẹ́. Ó dìde fùú.

Nígbà tó padà délé, ó bá àna rẹ̀ ní ìjókòó lórí tábìlì. Kò ka ẹsẹ kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ráyè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbà wo lẹ ń lọ?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kó o bi mí," ẹ̀gbọ́n dáhùn jẹ́jẹ́. "Ibi tí màá lọ ni mi ò mọ̀."

Télọ̀ mú aṣọ kan látorí òkìtì.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná. Tí mo bá gé eléyìí tán, a ó jọ lọ wá yàrá tí ẹ máa gbé."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Kí ni Áàfáà wí?"

"Ìdajì rẹ̀ ló yé mi," télọ̀ ní, ó sì ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ.