Ọ̀sẹ̀ Tí Ìyá Màríà Dúró Níwájú Tẹlifíṣọ̀n

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ti Máàsì dé, tí a jẹun tán, tí oòrùn ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí àwọn igi máńgòrò erékùṣù wa, Guimaras, àbúrò mi Elpidio a jókòó sí pálọ̀, a fi máìkì kékeré há ọrùn ẹ̀wù, a mú páàdì géèmù lọ́wọ́, a sì kúrò nílé wa. Ara rẹ̀ nìkan ló máa ń kù sórí àga. Òun gan-an ti lọ sí ìlú kan tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ ayé, níbi tí òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kì í ti í dá, tí odò ń ṣàn gba abẹ́ afárá tó ti wó, tí kùrukùru ń rìn lójú títì bí ẹni tó ń wá ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri.

Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń dúró dè é. Ilé ẹ̀kọ́ etíkun wa níbí ni òun àti àwọn mẹ́ta náà jọ lọ, kí iṣẹ́ tó tú wọn ká bí ìgbà tí ẹnì kan ju òkúta sáàárín ẹyẹ. Rodelio wà nínú ọkọ̀ òkun akẹ́rù. Herminia ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Riyadh. Arnulfo wà ní Busan, níbi tí wọ́n ti ń rọ irin. Ayé tú wọn ká, géèmù oníbọn yìí ló ń kó wọn jọ. Wọn a jọ kojú ọ̀tá nínú ìlú olójò náà, wọn a yìnbọn, wọn a kú, wọn a tún jí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n máa ń sọ jù lẹ́nu ogun: ta ló bímọ, ta ló kú lóòótọ́, ṣé máńgòrò tọdún yìí dùn. Inú tẹlifíṣọ̀n ni ohùn wọn ti ń jáde, nítorí náà èmi náà a máa gbọ́ wọn bí mo ṣe ń ka ìlẹ̀kẹ̀ Rósárì mi. Ti Rodelio kì í tètè dé, nítorí orí òkun ló ti ń bọ̀. Wọ́n á ti pa á tán, wọ́n á ti sin ín, kó tó pariwo pé, "Ẹ gbà mí o!"

Iṣẹ́ Elpidio láàárín wọn ni kó gun ibi gíga, kó gbé ìbọn gígùn, kó máa ṣọ́ àwọn yòókù. Bí èmi bá máa kì í, báyìí ni mo máa kì í:

Elpidio, àṣá orí òrùlé,
ó rí eégbọn lára ajá tó wà ní òdìkejì odò.
Ọ̀tá ní òun á yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá,
Elpidio ní, "Ọ̀rẹ́, okùn bàtà rẹ mà ti tú."
Alákàn ń fojú ṣọ́ orí ara rẹ̀,
Elpidio ń fojú ṣọ́ orí ọ̀rẹ́.

Àfi bí ojú àṣá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ó sọdá omi sí ìlú Iloilo lọ rí dókítà ojú. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Nang," bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí, "wọ́n ní ojú mi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Wọn ò tíì ní oògùn ẹ̀." Mo dì mọ́ ọn. A jọ gbàdúrà. N kò béèrè bí ojú ṣe ń lọ, òun náà kò sì sọ. Ojú tó ń lọ tí èmi mọ̀ kò ju ti ìyá wa lọ, tó máa ń na ìwé àdúrà jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni pé ìwé náà ń rùn.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe gbọ́, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n wa ti gbó jù, àwọn gbọ́dọ̀ wá ohun tó dáa tí yóò máa wò. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, wọn ò ráyè ọ̀tá rárá. Inú ilé kan tó ti jóná ni wọ́n sá sí, tí wọ́n ń jà sí ọ̀rọ̀ náà.

Arnulfo ní, "Rodelio, má ra tẹlifíṣọ̀n o. Mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà ni kó o rà. Tẹlifíṣọ̀n máa ń pẹ́ gbé àwòrán wá, á kọ́kọ́ jókòó, á fi atike pa àwòrán, á kun ètè fún un, kó tó gbé e jáde. Kó tó ṣoge tán, wọ́n á ti pa ọmọkùnrin wa."

Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn Rodelio dé láti orí òkun. "Ta ló bi ẹ́? Ìwọ tó ò ń sùn nínú yàrá tó dà bíi páálí bàtà, kí lo mọ̀ nípa ohun tó bá tóbi? Ojú ń dun èèyàn, o ní kó máa wo ohun tó tó àwo ọbẹ̀. Èmi ń ra ńlá! A sì lè pa atike yẹn, bọ́tìnnì ẹ̀ wà níbẹ̀."

Herminia ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ò ṣe bi ẹni tó lojú?"

Òjò ń rọ̀ nínú ìlú náà. Elpidio rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èyí tó bá ti wù yín ló wù mí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní nǹkan kì í tọ́ka, kó má baà dà bí ẹni tí ọ̀kánjúwà ń bá jà. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n náà dé. Ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló gbé e láti etí omi, a sì bu ìrẹsì fún gbogbo ẹni tó wá wò ó. Orí kọ́bọ́ọ̀dù gígùn tó wà ní pálọ̀ la gbé e sí, mo hun aṣọ olójú wẹ́wẹ́ fún un bí ẹni ń ṣe aṣọ ìsàmì. Elpidio fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ìlú olójò náà wá tóbi nínú ilé wa débi pé n bá fẹ́ wá agboòrùn.

Láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti bàjẹ́. Elpidio á wà lórí òrùlé, ọ̀tá á gba ẹ̀gbẹ́ wá, á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń lọ sọ́jà, á lọ pa Herminia. Òun náà ló máa ń kọ́kọ́ kú báyìí, kódà ṣáájú Rodelio. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bú u. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn ún. Àwọn tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní olórí àgbọn láti kékeré, wọ́n wá ń sọ pé, "Kò burú, Elpid, o gbìyànjú," bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Àbúrò mi a máa mi orí, a máa wo iwájú ṣáá.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ka ẹja gbígbẹ kúrò lóòrùn, ó ní, "Nang, Sunday tó ń bọ̀, mo fẹ́ dágbére fún wọn."

"Dágbére bíi ti báwo?"

"Mi ò ní bá wọn ṣeré mọ́. Mo ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Bí Elpidio bá fi ìlú olójò yẹn sílẹ̀, kí ló kù fún un nínú ìgbà èwe rẹ̀? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé nílé mọ́. Mo sọ fún Ọlọ́run pé, "Bàbá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún géèmù. Ìwọ sáà mọ ohun tí mò ń sọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kan ilé wa láti gba Ìyá Màríà. Ère rẹ̀ ló máa ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò wa, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílé kọ̀ọ̀kan, àwọn aládùúgbò á sì máa wá ka Rósárì níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé e dé pẹ̀lú àbẹ́là àti orin. Nang Purita, olórí ẹgbẹ́ Rósárì wa, ló ṣíwájú. Ó fi ojú wọn gbogbo ilé wa, ó kọjá lára tábìlì tí mo ti tẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ gbé Ìyá wa ka iwájú tẹlifíṣọ̀n gangan.

"Ibi tó dáa jù lọ nínú ilé ni Ìyá wa ń jókòó sí," ló wí, ó sì ti ń fi aṣọ funfun bo tẹlifíṣọ̀n kó lè fi ṣe ẹ̀yìn pẹpẹ.

Elpidio rọra sún mọ́ ọn. "Nang Purita, ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi nípàdé níbẹ̀ lọ́la."

"Ìpàdé wo? Èyí tí ẹ ti ń pa ara yín yẹn?"

"A máa ń jí padà, mà."

"Olúwa wa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ yìí!"

"Lásárù ńkọ́?"

Nang Purita fi abẹ̀bẹ̀ lù ú léjìká, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣí ère náà nípò kí ọ̀sẹ̀ tó pé? Kò sí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé mọ́nítọ̀ mi jáde, èyí tí mo fi ń tẹ ìwé orin ìjọ. Kò tóbi ju àwo tí a fi ń gbé oúnjẹ àlejò lọ. Mo gbé e sí ìpẹ̀kun tábìlì ìjẹun. Súmán, ìrẹsì tí mo dì sínú ewé fún àwọn tó ń bọ̀ wá gbàdúrà, ló kún ìyókù tábìlì náà, kò sì síbi tí Elpidio lè sún mọ́. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn títí dé ojú fèrèsé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹni tó ń lọ kì í wá àga ńlá."

Ó wọ ìlú náà lọ. Mo ń bó máńgòrò. Mo rí i tó ń gun ilé gogoro kan tí orí rẹ̀ ti fò lọ. Ó dúró síbẹ̀. Kùrukùru ń fẹ́ kọjá nísàlẹ̀, odò ń tàn bí abẹ. Ó pẹ́ gan-an tó fi ń wò.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. "Arnulfo, ọ̀tún ẹ. Ẹ̀yìn mọ́tò tó jóná yẹn." Ìbọn dún. "Ó ti lọ. Herminia, má sọdá, àwọn kan wà lábẹ́ afárá. Dúró. Dúró. Ó yá, máa bọ̀."

Arnulfo pariwo, "Ta lẹ gbé páàdì Elpidio fún tó ń bá a ṣeré?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Omi ń ṣàn lójú àbúrò mi, ó ń dé àgbọ̀n, kò nù ún.

"Toto," mo pe orúkọ tí a fi ń pe àbúrò ọkùnrin, "kí ló dé?"

Ó ní, "Nang, ojú mi ò ṣú. Àárín ẹ̀ mọ́ bí omi kànga. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń tì, bíi kéèyàn máa wo ayé gba inú ọ̀pá ọparun. Tẹlifíṣọ̀n yẹn tóbi ju ihò mi lọ. Tí ọ̀tá bá dúró síwájú mi, imú ẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n èyí," ó tọ́ka sí mọ́nítọ̀ kékeré náà ní ọ̀ọ́kán, "gbogbo ẹ̀ ló wọlé. Gbogbo ìlú náà."

"Kí ló wá dé tó ò sọ?"

"Rodelio ló rà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ìgbà náà ni àwa méjèèjì rántí pé máìkì wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀.

A ń dúró de Rodelio. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ bá a lórí omi, èsì sì ní láti gba orí omi padà. N kò mọ̀ rí pé òkun fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo di Rósárì mú.

"Orí àgbọn!" Igbe Rodelio jáde, àwọn àwo mì lórí tábìlì. "Orí àgbọn tí omi ti gbẹ nínú ẹ̀! O jẹ́ kí n ra ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹni tó ń wo ayé gba inú ihò kọ́kọ́rọ́! Èmi ń yangàn káàkiri ọkọ̀ pé mo ti wo ọ̀rẹ́ mi sàn!"

"Mo ní kó o ra mọ́nítọ̀," Arnulfo ní. "Àbí mi ò sọ?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, ará inú páálí!"

"Kékeré labẹ́rẹ́, Rodelio, kì í ṣe mímì fún adìyẹ!"

Elpidio ń rẹ́rìn-ín débi pé páàdì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ń bú u padà. Mo wo Ìyá Màríà ní pálọ̀, mo tẹrí ba fún un.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Herminia béèrè, "Elpid, o ní o lọ́rọ̀ kan tó o fẹ́ bá wa sọ lónìí."

Elpidio wo odò inú ìlú náà. "Mo fẹ́ sọ pé mò ń lọ. Mi ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ihò yìí á máa kéré sí i o, ẹ mọ̀."

"Tó bá wá tì pátápátá ńkọ́?" Arnulfo béèrè.

"Arnulfo!" Herminia jágbe mọ́ ọn.

"Fi í sílẹ̀, ó béèrè dáadáa. Tó bá tì, ẹ ó máa sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi. Èmi ti ṣọ́ yín tó."

Òjò ń rọ̀. Ohùn Rodelio tún ti ẹ̀yìn gbogbo wọn dé, kò pariwo mọ́. "Màá máa sọ fún ẹ. Á kàn máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ ni."

Ní Sátidé, wọ́n gbé Ìyá wa lọ sílé tó kàn, Nang Purita sì ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ nílé wa. N kò jà á níyàn. Mo ká aṣọ funfun kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, mo bi àbúrò mi bóyá kí n dá géèmù rẹ̀ padà síbẹ̀. Ó ní rárá, kí èmi àti Nang Purita máa fi wo Máàsì ti ìlú ńlá.

Ojú fèrèsé ló jókòó sí ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ òkun ń mi aṣọ fèrèsé kan orí rẹ̀, kò mọ̀. Àwọn mẹ́ta náà ti kọjá nísàlẹ̀ ilé gogoro, wọ́n dúró létí odò, wọ́n kéré bí irúgbìn máńgòrò tí a gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀tá kankan kò tíì dé. Arnulfo gbójú sókè, ó ní, "Àṣá, kí lò ń wò láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ẹ̀yin ni," Elpidio dáhùn. "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ ná. Ẹ má tíì rìn."