Òdo Lẹ́ẹ̀mejì

Farangis fúnra rẹ̀ ló fa bàbá rẹ̀ wá. Ilé ìtọ́jú ohùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Yazd, ní Ìran, ń dán òṣùwọ̀n kan wò ní èdè Páṣíà, èyí tí olùtọ́jú yóò máa fi etí lásán mọ bí ohùn aláìsàn ṣe bàjẹ́ tó. Wọ́n nílò ohùn àwọn tí ara wọn le láti fi ṣe àfiwé. Ta ló sì yẹ ju bàbá rẹ̀, Hájì Nosrat, lọ, ẹni tó ti ń ṣáájú orin ọ̀fọ̀ Ìmáàmù Huséìn ládùúgbò wọn láti ogójì ọdún?

Òótọ́ ni pé ohùn náà há. Ṣùgbọ́n ní Yazd, bí ohùn olórin ọ̀fọ̀ kò bá há lẹ́yìn oṣù Muharramu tí wọ́n fi ń dárò ikú Ìmáàmù náà, wọ́n á ní kò sunkún dáadáa ni. Ìyìn ni ohùn híhá. Pé Muharramu ti kọjá láti oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó kíyè sí i, títí kan ọmọ tó kàwé ohùn.

“Bàbá, ẹ ka gbólóhùn mẹ́fà yìí bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé.”

“Kí n má wulẹ̀ sunkún sí i?” Hájì rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ kejì, Farangis àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Kamyar àti Mahin, jókòó, wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọ́n ń sàmì sórí ìlà: òdo ni ohùn tí kò lárùn, ọgọ́rùn-ún ni èyí tó bàjẹ́ kanlẹ̀. Ohùn kò lórúkọ, nọ́ńbà ló ní. Dókítà Behjat, ọ̀gá wọn, ti kìlọ̀: “Ẹni tó bá dá ohùn kan mọ̀, kó fò ó o. Mi ò fẹ́ ojú àánú níbí.”

Ní nọ́ńbà mọ́kàndínlógún, Farangis gbọ́ bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì fò ó. Ohùn tí ẹkún lásán mú há, tí kò lárùn, kí lèèyàn ń fò ó sí? Ó fún un ní òdo. Wọ́n ti dọ́gbọ́n ki àwọn ohùn kan bọ àárín wọn lẹ́ẹ̀kejì, láti mọ̀ bóyá etí olùgbọ́ dúró lójú kan. Nígbà tí bàbá rẹ̀ tún dé, òdo ló tún fún un. Ìfẹ́ ló sọ ọmọ yìí di òpè.

Behjat pè é sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

“Àbúrò mi, ta ni nọ́ńbà mọ́kàndínlógún tó o mú wá?”

“Bàbá mi ni, mà. Kí ló dé?”

“Kamyar fún wọn ní àádọ́rin. Mahin fún wọn ní méjìléláàádọ́rin. Ìwọ nìkan lo fún wọn ní òdo, lẹ́ẹ̀mejì gbáko.” Ó mí kanlẹ̀. “Mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ọ̀fun lónìí. Má dúró dọ̀la.”

Dókítà ọ̀fun ní jẹjẹrẹ ni, ó ti gba gbogbo gògóńgò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tètè wá ni, ìtànṣán ni wọn ìbá fi jó o kúrò. Ní báyìí, àfi kí wọ́n gé gògóńgò náà, ohùn á sì bá a lọ. Farangis jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bú ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ lòun ń bá ọkùnrin yìí jẹun àárọ̀! Àjèjì méjì gbọ́ àrùn náà láàárín ìṣẹ́jú kan, ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Hájì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Wọ́n ní ẹ ń fi nọ́ńbà díwọ̀n ohùn wa, pé òdo ló dáa jù. Mélòó làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ fún mi?”

“Àádọ́rin, Bàbá.”

“Àwọn ọmọ aláìnítìjú! Ìwọ ńkọ́?”

Farangis wá irọ́ tì. “Òdo.”

Ojú bàbá rẹ̀ tàn. “Òdo! Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ mi mọ ohùn. Kí Ọlọ́run má gba irú etí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa.”

Ó ṣì ń fi í yangàn fún àwọn tó ń ti ibùsùn rẹ̀ lọ, títí ilẹ̀kùn fi padé. Ìyẹn lọ̀rọ̀ tó fi ohùn rẹ̀ sọ gbẹ̀yìn.