Ehoro Ẹnu Ìlẹ̀kùn Kosei

"Kosei, mo ṣèèṣì tú ẹrù rẹ o. Mo ṣebí tèmi ni."

Chizuru gbé páálí náà sílẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn tó wà ní títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì àti ọbẹ̀ míso tó ti tutù. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí Kosei, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ti ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà nígbà tí wọ́n gbé òkú baba rẹ̀ jáde nílé, Kosei kò yọjú. Òwú funfun ló kún inú páálí náà, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ya ehoro sí.

Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tó ta òwú náà wà lára páálí. Chizuru fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín ìlú Niigata ní Japan títí ó fi débẹ̀. Ìyá Tomiko tó ni ṣọ́ọ̀bù ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

"Amigurúmi, ọmọláńgidi olówùú, ló fẹ́ hun nìyẹn," ni ìyá náà wí nígbà tí Chizuru ṣàlàyé ohun tó wà nínú páálí ọmọ rẹ̀. "Má sọ fún mi pé o ò hun ọ̀kan rí."

"Mo máa ń rí i lọ́jà, Ìyá. N kò mọ̀ pé ọmọ mi ń hun ún. N kò mọ ohunkóhun tó ń ṣe mọ́."

Ìyá Tomiko ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó na abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lẹ́nu bí ìwọ̀ sí i.

"Jókòó. Ojú òwú mẹ́fà la fi ń bẹ̀rẹ̀ orí ehoro. Háà, obìnrin yìí, òwú lo dì mú, kì í ṣe ejò! Dẹwọ́!"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Chizuru gbé ehoro òwú tí òun fúnra rẹ̀ hun sórí àwo oúnjẹ Kosei, ó kan ìlẹ̀kùn, ó sì pẹ̀yìn dà. Ìlẹ̀kùn dún. Ó ṣí níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ọwọ́ tó ti gbẹ, tí èékánná rẹ̀ gùn, mú ehoro náà wọlé.

"Màámi, ta ló hun nǹkan yìí?"

Ohùn baba Kosei gan-an ni Chizuru gbọ́.

"Èmi ni."

"Ẹ ò ka ojú òwú ẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Chizuru, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó fi apá aṣọ dí ẹnu.

"Kosei, bàbá rẹ..."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tíì sọ ìyẹn." Ọwọ́ náà ti ehoro padà síta, ìlẹ̀kùn sì pa dé. "Ẹ tú orí ẹ̀. Màá bá yín kà á."

Chizuru jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn. Kosei ń kà láti inú, òun ń hun. Nígbà tí wọ́n dé ìlà ojú òwú kejìdínlógún, ọwọ́ rẹ̀ ti já gaara, ojú kan ò sì ṣìnà. Ó rí i pé orí náà kò ní pẹ́ parí, kíkà Kosei á sì dáwọ́ dúró.

"Kosei," ni ó wí, "mo ti ṣì í hun o."

"Ó dáa, Màámi. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Oókan."